Oorun Tó Yẹ Kó Já Ìdílé Láyà

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e wọlé. Mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn méjì gbá a mú lábẹ́ abíyá, ẹnì kẹta gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń tẹ̀ lé wọn. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, torí kò tíì sùn. "Ẹ má mikàn, Mà," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "ọtí díẹ̀ ló mu níbi ayẹyẹ tá a lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Tó bá ti sùn, á dáa." Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, wọ́n sì yára jáde. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin náà, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun kíkankíkan, bí ẹni tó la igi látàárọ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ láti yàrá kejì. "Ẹ jẹ́ ó sùn," ló wí. "Bàbá rẹ̀ náà kì í hanrun kékeré."

Irú òru bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Ì báà jẹ́ ní Mushin, ní Sabon Gari ní Kano, ní Aba tàbí ní Ọ̀ffà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn ará ilé: ẹ jẹ́ ó sùn, tí ilẹ̀ bá mọ́, ojú rẹ̀ á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀ á mọ́, ẹni tó mutí á jí, á di orí mú, á máa bẹ̀bẹ̀. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà léwu gan-an nìyẹn. Nítorí pé ó ti já sí òótọ́ nígbà mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kì í fura nígbà kọkànlá, nígbà tó jẹ́ pé ìhanrun tí wọ́n ń gbọ́ kì í ṣe ti oorun mọ́, tó jẹ́ pé ọ̀fun ẹni tó ń kú lọ ni afẹ́fẹ́ ń há sí.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ náà kò sọ. Iṣẹ́ ẹrù jíjá ni ọmọkùnrin yìí ń ṣe ní ibùdókọ̀: sìmẹ́ǹtì, àpò ìrẹsì, páálí tomátò inú agolo. Tramadol ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ti gbé e mì, ẹ̀yìn kì í dùn wọ́n mọ́, wọn kì í sì í tètè mọ̀ pé ó ti rẹ àwọn. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó gbé hóró méjì mì kó tó kúrò níbi iṣẹ́, hóró oní-225 mílígíráàmù, bẹ́ẹ̀ oní-50 àti oní-100 ni àjọ NAFDAC fọwọ́ sí. Nígbà tó dé ibi ayẹyẹ, wọ́n bu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan fún un tí wọ́n ti po oògùn ikọ́ àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́, irú èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní omi gọ́tà. Ọtí ló wá fi lé gbogbo rẹ̀. Nǹkan bíi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rò pé ẹyọ kan ni.

Kì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí Àjọ Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Ìṣirò Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà àti ẹ̀ka àjọ UN tó ń gbógun ti oògùn olóró gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde ní January 2019, iye tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Ìyẹn jẹ́ ẹnì kan nínú méje. Wọn ò tíì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn o. Igbó ló gbapò kìíní, àmọ́ àwọn oògùn ìrora bíi tramadol, codeine àti morphine ló tẹ̀ lé e, tí ènìyàn mílíọ̀nù 4.6 ń ṣi wọ́n lò. Agbègbè Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ń gbé, ló sì wà lókè pátápátá, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ọ̀rọ̀ oorun yìí tó lè yéni, ìbéèrè kan wà tí kò sẹ́ni tó sábà ń béèrè: ta ló ń bá ènìyàn mí nígbà tó bá sùn? Ènìyàn lè di èémí mú fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbàgbé láti mí. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ní apá ìpàkọ́ níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ okùn inú eegun ẹ̀yìn, ibì kékeré kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sàn-án àti lóru. Bí afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán bá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á ránṣẹ́ sí àyà pé kó fa tuntun wọlé. Ìgbà 12 sí 20 ló ń ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan lára àgbàlagbà. Bí ọdẹ àdúgbò ló rí, èyí tó máa ń lu irin òpó iná ní wákàtí-wákàtí kí àwọn tó ń sùn lè mọ̀ pé òun wà lójúfò. Onílé lè sùn lọ fọnfọn. Ọdẹ yẹn kì í sùn.

Àfi tí ẹnì kan bá fún un ní oògùn oorun.

Ohun tí ìdílé oògùn tí wọ́n ń pè ní opioid ń ṣe gan-an nìyẹn. Morphine wà nínú ìdílé náà, heroin wà níbẹ̀, codeine tí wọ́n ń fi sínú àwọn oògùn ikọ́ kan wà níbẹ̀, tramadol náà ò gbẹ́yìn. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ní nǹkan tó jọ wọ́n, tó máa ń tú jáde ní ìwọ̀nba láti fi pẹ̀tù sí ìrora, ọpọlọ sì ní ihò kọ́kọ́rọ́ tó bá nǹkan náà mu káàkiri. Opioid ń wọ ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn wẹ́rẹ́. Níbi tí ìrora ń gbà kọjá, á ti ìlẹ̀kùn: ẹ̀yìn kò dun ni mọ́. Níbi tí ọpọlọ ti ń pín ìdùnnú, á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: ọkàn á balẹ̀, gbèsè á dàbí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n irú ihò kọ́kọ́rọ́ kan náà wà lára ọdẹ tó wà ní ìpàkọ́, kò sì sí hóró oògùn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ yàrá méjì àkọ́kọ́ kó sì yẹra fún ẹ̀kẹta. Bó bá ti dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ burúkú á máa kún inú ẹ̀jẹ̀, ọdẹ á máa tòògbé. Èémí 14 á di 10, 10 á di 6. Ẹni náà kò ní jà, kò ní ké, kò ní fọwọ́ di ọrùn mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ, nítorí pé ohun tó yẹ kó ta á jí gan-an ni oògùn náà ti pa lẹ́nu mọ́.

Ọpọlọ ni ìyà náà sì ń kọ́kọ́ jẹ. Kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ènìyàn lọ, síbẹ̀ òun nìkan ló ń lo nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí ènìyàn ń mí sínú, kò sì ní àká tó ń tọ́jú rẹ̀ sí. Tí ọ́síjìn bá dáwọ́ dúró pátápátá fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yè é ṣùgbọ́n tí wọn kò padà sí bí wọ́n ṣe wà: ẹni tó ń ka ìwé tẹ́lẹ̀ á máa gbàgbé orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ á máa gbọ̀n lọ́wọ́. Ará ilé á ní ayé ló ṣe é.

Codeine ní ìjàǹbá tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di morphine. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn kò sì dọ́gba. Ti àwọn kan ń lọ́ra níbi iṣẹ́ yìí, ti àwọn mìíràn ń yára débi pé ìwọ̀nba tí ẹlòmíràn mu tó kàn ń rẹ́rìn-ín ni tiwọn á fi sọ ara di kìkì morphine láàárín àkókò díẹ̀. Àbí orí ló bí wọn bẹ́ẹ̀ ni o, kò sí ẹni tó lè wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí kó mọ irú ẹ̀dọ̀ tí òun ní. Ìdí rèé tí àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi kìlọ̀ ní 2017 pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní codeine rárá. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ méjì tó pín ìgò kan ní ọgbọọgba kò mu nǹkan kan náà.

Ní May 1, 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọ Nàìjíríà àti ṣíṣe é nílẹ̀ yìí, ọjọ́ kejì tí BBC gbé fíìmù ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe ń tà á ní fàyàwọ́. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣófo. Ní February 2025, BBC tún ṣàwárí pé ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń kó hóró oògùn kan wá sí Nàìjíríà, Gánà àti Côte d'Ivoire, tí wọ́n po oògùn méjì pọ̀ sínú rẹ̀: tapentadol, tó jẹ́ opioid, àti carisoprodol, tó ń dẹ iṣan ara. Méjèèjì ló ń mú kí èémí dínkù. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan lágbàáyé tó fọwọ́ sí irú àdàlù bẹ́ẹ̀, ìjọba Íńdíà pàápàá sì fòfin dè é lẹ́yìn ìròyìn náà. Ẹni tó rà á níbi tí wọ́n ti ń ta á lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rò pé oògùn ẹ̀yìn ríro ni.

Tramadol náà ní àrà tirẹ̀. Yàtọ̀ sí pé opioid ni, ó tún ń da àwọn kẹ́míkà mìíràn rú nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi lè mú kí gìrì gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní wárápá tẹ́lẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí i ni ewu náà ń pọ̀ sí i. Ọlọ́kadà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lórí afárá, kò ní lè ròyìn rẹ̀.

Ọtí wá ńkọ́? Kì í ṣe opioid, ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti iwájú orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọpọlọ ti ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé má sọ bẹ́ẹ̀, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu ìgò kan fi ń di ọlọ́rọ̀ púpọ̀, tí onítìjú á gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ olórin. Bó bá tún ń pọ̀ sí i, á dé ẹ̀yìn orí, níbi tó ń mú kí ènìyàn rìn ṣánṣán, ẹsẹ̀ á wá máa ta kora. Á dé ibi tí ọpọlọ ń kó ìrántí pa mọ́ sí, tó fi jẹ́ pé ẹni náà lè máa sọ̀rọ̀, kó máa jó, kó tiẹ̀ wa ọkọ̀ délé, láìrántí ohunkóhun lọ́jọ́ kejì. Ọdẹ ìpàkọ́ ló ń kàn gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sùn lọ kó tó dé ibẹ̀, wọ́n sì gbà pé oorun ló gbà wọ́n.

Ó máa ń gbà wọ́n nígbà mìíràn. Àmọ́ ẹni tó sáré da ọtí líle púpọ̀ sí ikùn kó tó sùn lọ, ọtí yẹn kò dúró dè é. Ikùn àti ìfun á ṣì máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń sùn, nítorí náà ó lè yó ní aago mẹ́ta òru ju bó ṣe yó ní aago méjì lọ, bẹ́ẹ̀ kò tún fẹnu kan ife mọ́. Ẹ̀dọ̀ nìkan ló lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ̀dọ̀ kì í sì í kánjú: ìgò bíà ńlá kan ń gbà á tó wákàtí méjì sí mẹ́ta. Kọfí kò lè mú un yá, ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè mú un yá, omi tútù kàn ń mú ara tutù ni. Ọ̀rá ọtí líle kékeré kan, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi sápò, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgò bíà ńlá lágbára, iṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sì tó láti fi mu ún tán. Ẹni tó fi ehín ja ọ̀rá mẹ́fà láàárín ìdajì wákàtí ti fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ níṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí.

Tí ọtí bá wá bá opioid nínú ara kan náà, kì í ṣe ìṣirò oókan mọ́ ọ̀kan jẹ́ méjì. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà wá sí ọ̀dọ̀ ọdẹ kan náà. Ìwọ̀n tramadol tí ẹni náà ti ń gbé mì láti oṣù mẹ́fà láìsí wàhálà, àti ìwọ̀n ọtí tó ti ń mu láti ọdún mẹ́ta, lè pàdé ní alẹ́ ọjọ́ kan kí èémí sì tán. Oògùn tó ń múni sùn, bíi diazepam, ń ṣe bákan náà. Èyí ló fà á tí àwọn ọ̀rẹ́ fi máa ń sọ nílé òkú pé, "Kò mu ju bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀ lọ." Wọn ò purọ́.

Àwọn tó ń mu ògógóró tún ní nǹkan mìíràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa dídúró kí ilẹ̀ mọ́. Ní April 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ọjọ́ kan péré tí nǹkan bá ti ṣe wọ́n. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ wọn, ojú á ṣe bàìbàì, ẹlòmíràn kò ní ríran mọ́ rárá, lẹ́yìn náà ni wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn kan ní òòṣà ìlú ló ń bínú. Ẹ̀rù Ebola ti ọdún tó ṣáájú ṣì wà lára àwọn mìíràn, wọ́n ní àjàkálẹ̀ tuntun ló dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakòríko. Methanol ni àyẹ̀wò padà fi hàn, inú ògógóró ni wọ́n sì ti mu ún. Ó kéré tán, ènìyàn 17 ló bá a lọ. Láàárín oṣù May àti June ọdún kan náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tó sì pa ènìyàn ju ti Òde-Ìrèlè lọ.

Methanol jọ ọtí gidi lójú, ó jọ ọ́ lẹ́nu. Láwọn wákàtí àkọ́kọ́, ẹni tó mu ún kàn máa ń dà bí ẹni tó mutí díẹ̀ ni, á sì sùn. Nígbà tó ń sùn ni ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ó lè tó ọjọ́ kan gbáko kó tó fojú hàn. Dókítà ní ohun tó lè fi dá ẹ̀dọ̀ dúró kí ó má parí iṣẹ́ burúkú yẹn, tí wọ́n bá tètè gbé ẹni náà dé. Nítorí náà, ẹni tó mutí lánàá tó wá ní òun ń ríran bíi pé inú kùrukùru lòun wà lónìí, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà, kì í ṣe orí ẹní.

Ẹgbẹ́ àwọn tó wà nínú ewu jù lọ kan tún wà tí ìdílé kì í ronú kàn, torí pé ayọ̀ ló máa ń wà nílé nígbà tí wọ́n bá dé. Àwọn tó ti fi oògùn sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́, ara rẹ̀ á ti mọ́ ọn. Ìwọ̀n tó lè pa ẹlòmíràn ló máa ń mu kí ara rẹ̀ tó yá. Tó bá wá lo oṣù méjì sí mẹ́ta níbi tí kò ti rí i mu, ì báà jẹ́ ilé ìtọ́jú, ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí orí òkè àdúrà, ara á gbàgbé. Ọkàn kì í gbàgbé. Tí ìdààmú bá dé tàbí tí ọ̀rẹ́ àtijọ́ bá pè é, iye hóró tó ń gbé mì tẹ́lẹ̀ ló máa gbé mì, ara tuntun ló sì máa gbà á. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ padà délé ló yẹ kí ojú òbí là jù lọ, kì í ṣe láti máa tú àpò rẹ̀ o, bí kò ṣe kí ó má bàa máa nìkan sùn nínú yàrá tó tì pa.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń mọ oorun yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe oorun? Ìhanrun gidi ń lọ déédéé bí ẹni ń fa ayùn. Ìhanrun tó léwu máa ń dáwọ́ dúró. Á ró bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tàbí bí ohun tó há sí ọ̀fun, á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, á tún mí kan gìdì, á tún dákẹ́. Kí wọ́n wo aago: tí èémí kò bá tó mẹ́jọ sí mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni náà kò sùn. Kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ sókè. Kí wọ́n fi oókan ìka ọwọ́ tí wọ́n ká pọ̀ fọ àárín igbá àyà rẹ̀ gidigidi. Ẹni tó ń sùn á bínú, á gbá ọwọ́ dànù. Kí wọ́n gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè: opioid sábà máa ń mú kí dúdú inú ẹyinjú kéré bí orí abẹ́rẹ́. Àwọn ìwé òyìnbó máa ń sọ pé ètè á dà bí aró, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, eérú ló máa ń jọ, inú ètè, èrìgì, abẹ́ èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ sì ni wọ́n ti lè rí i.

Ilé Nàìjíríà kì í ṣàìní oògùn ojú ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kú. Epo pupa ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ké sí, mílíìkì inú agolo tẹ̀ lé e. Epo pupa kò mọ ibi tí tramadol wà nínú ẹ̀jẹ̀, kò lè lé e jáde. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń pe òun kò lè gbé nǹkan mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà ń gbà lọ, á sì dí ìwọ̀nba èémí tó kù. Kíki ìka bọ ọ̀fun kí ó lè bì ń ṣe bákan náà. Tó bá jẹ́ gìrì ló gbé e, àwọn àgbà kan á ní kí wọ́n wá àgbo oní-ìtọ̀ màlúù wá, bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí nílẹ̀ yìí ti fi hàn pé àgbo yẹn ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dín èémí kù, ohun tó ń pa á lọ gan-an. Omi tútù, ìgbátí àti róòbù lójú kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n yí i sí lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ká orúnkún rẹ̀ tó wà lókè, kí wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ojú rẹ̀ sì kọjú sílẹ̀, kí èébì lè rí ọ̀nà jáde. Kí ẹnì kan pe 112. Kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ọkọ̀ ìjọba máa dé. Tí kò bá mí mọ́, kí wọ́n dá a délẹ̀, kí wọ́n gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n di imú rẹ̀, kí wọ́n máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún títí tí wọ́n á fi dé ilé ìwòsàn, àní nínú ọkọ̀. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó máa ń yọ kọ́kọ́rọ́ opioid kúrò nínú ihò rẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ẹni tó ti ń lọ lanu sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbára rẹ̀ sì lè tán láàárín wákàtí kan kí opioid ṣì wà nínú ara, torí náà ẹni tó bá jí kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun fẹ́ máa lọ sílé. Kì í ṣiṣẹ́ lórí ọtí.

Ìyàwó ilé kan lè ka gbogbo èyí kó sì ní tòun kì í ṣe ti òru ọjọ́ kan, ti ojoojúmọ́ ni, ọkọ tàbí ọmọ tó ti di bárakú fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pe àwọn olùgbaninímọ̀ràn àjọ NDLEA lórí 0800 1020 3040 láìsan owó ìpè. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Aro, Abẹ́òkúta, àti ti Yaba ní Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Ó ń gba àkókò, kì í sì í sábà yanjú lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ìyá tí wọ́n gbé ọmọ wá bá ní òru, dídákẹ́ ìhanrun náà ló gbé e dìde. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń tẹ́tí. Ìhanrun kan, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan. Ó ka oókan títí dé mẹ́rìnlá kó tó gbọ́ òmíràn. Ó pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, kò dáhùn. Nígbà tí ìyá àgbà fi máa gbé ìgò epo dé, wọ́n ti yí i sí ẹ̀gbẹ́, awakọ̀ tó ń gbé ilé kejì sì ti ń tan iná ọkọ̀ rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì ń tún béèrè: "Kí ló mu?" Ìyá ní ọtí ni. Nọ́ọ̀sì gbé ìpéǹpéjú ọmọ náà sókè, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó tún béèrè. Ìbéèrè náà kò ní ọlọ́pàá nínú. Oògùn tí wọ́n máa gún sí i lára ló so mọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ìyá gbé fóònù, ó pe nọ́ńbà ọmọkùnrin tó gbé bàtà lọ́wọ́, ẹni tí kò sọ nǹkan kan nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ lórí fóònù, Mà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó dé lórí ọ̀kadà, ó yọ páálí kan tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ láti inú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, hóró mẹ́jọ ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì nà án sí nọ́ọ̀sì láìwo ojú ìyá.